Ìgbà Tí Olùdásílẹ̀ Yẹ Kí Ó Kúrò Lójú Oko Àáró

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òye yìí ni Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà ní nígbà tí ó kó àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá jọ sínú àáró, tí wọ́n ń bá ara wọn roko láìgba kọ́bọ̀, títí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ́ fi di ẹgbẹ́ ológun tí ó já àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí a ń gbọ́ ní àdúgbò Kẹ́mta ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá níhìn-ín, apá kan wà tí àwọn àgbà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ sọ: àwọn tí ó tú sílẹ̀ ni ó kẹ̀yìn sí i, nítorí pé àṣẹ rẹ̀ ti sú wọn.

Apá náà ni mo máa ń rántí bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Àáró ni tiwọn pẹ̀lú. A kò fi owó oṣù so ọ̀pọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn, yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, òfin ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà jáde sì fún un láyè láti kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ dá oko tirẹ̀.

Guido van Rossum, ẹni tí ó gbé èdè kọ̀ǹpútà Python jáde ní 1991, tí wọ́n fi joyè apàṣẹ onínúure títí ayé, fi oyè náà sílẹ̀ ní July 2018, lẹ́yìn àríyànjiyàn kíkorò lórí àmì kékeré kan. Kò yan àrólé. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni ó dìbò, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, òun náà sì jókòó láàárín wọn ní ọdún àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Àgbà ni, ó ṣe bí àgbà.

Ti Richard Stallman kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ó kéde iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ GNU ní 1983, tí ó sì dá ẹgbẹ́ Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985. Gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn gbogbo wa. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní September 2019 nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ tí ó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, àfi bí ó ṣe di March 2021 tí òun fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti padà sínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ pín sí méjì, ilé-iṣẹ́ Red Hat sì dá owó ìrànwọ́ tí ó ń fún Free Software Foundation dúró. Kì í ṣe ìpadàbọ̀ ni mo kórìíra, nítorí pé Aláké Ademola Kejì, ọba Ẹ̀gbá, tí ìjà owó orí àwọn obìnrin lé kúrò láàfin, tí ó fi adé sílẹ̀ ní January 1949, padà wá sí Aké ní December 1950. Ohun tí ó dùn mí ni pé a kò kọ́kọ́ bi àwọn tí ó di ọkọ́ mú léèrè.

Bí ìpàdé mẹ́ta bá tẹ̀ léra, tí ọ̀rọ̀ olùdásílẹ̀ gba gbogbo àkókò tí ó yẹ kí a fi ṣiṣẹ́, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àkókò ti tó kí ó kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ àwọn tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń fi ìfẹ́ pè yín.