Ta Ni Ó Ni Ohun Tí A Ti Sọ Nù?

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí àwọn olùkàwé wa, pàápàá jùlọ àwọn olùkọ́, bá wa gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí. Ohun tí ènìyàn fi owó rẹ̀ rà, tí ó lò, tí ó sì jù síta, ta ni ó ni ín? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé kò sí ẹni tí ó ni ín mọ́. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, títí ọ̀ràn kan fi kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ní àsìkò òjò kan, a ṣe àpèjẹ ní àdúgbò wa. Omi inú ike àti omi inú ọ̀rá ni a fi ṣe àwọn àlejò lálejò. Nígbà tí ayẹyẹ parí, a gbá gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹ̀bá gọ́tà, a ní òjò yóò gbé e lọ. Òjò sì gbé e lọ nítòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé e jìnnà. Lẹ́yìn ilé opó kan ni gbogbo rẹ̀ ti há. Omi yà wọ inú yàrá rẹ̀, ó sì ba àpò gàrí méjì tí ó kó pamọ́ fún títà jẹ́. Nígbà tí a lọ bá a kẹ́dùn, kò bú wa. Ó fa ìgò ike kan yọ láti inú ẹrẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ gba ẹrù yín.” Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ohun tí àwa pè ní ìdọ̀tí, ẹrù wa ni òun pè é. Òun ni ó sì jàre.

Bí a bá rántí ìgbà àwọn bàbá wa, ààtàn wà lẹ́yìn agboolé gbogbo. Ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu àti eérú ààrò ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Ilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ sì ń hù lórí rẹ̀. Ìgò kì í sábà dé ààtàn, nítorí àwọn onígò ń kiri láti rà á. Kì í ṣe pé ọkàn wọn mọ́ ju tiwa lọ. Ohun tí wọ́n ń jù nù ni ilẹ̀ lè jẹ tán. Ẹrù ti yí padà lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò tí ì yí padà: à ń ju ike bí ẹni tí ń ju ewé. Ike kì í jẹrà bí ewé. Ńṣe ni ó ń ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, tí àgbàrá sì ń gbé e lọ sí odò àti sí òkun.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni kíkó ìdọ̀tí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ààtàn ńlá Olúsósùn ní Ọ̀jọ́ta, ní Èkó. Nígbà kan, ẹ̀yìn ìlú ni ibẹ̀. Ìlú dàgbà títí ó fi yí i ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ṣẹ́ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn ilé tí ó wà nítòsí. Ní ìlú tí ń dàgbà, ibi tí à ń pè ní òkèèrè lónìí ni ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn lọ́la.

Kí ni ṣíṣe nígbà náà? Ìgò ike òfìfo fúyẹ́ púpọ̀, ó sì ń gba àyè. Ọkọ̀ ńlá tí ó kó o láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó rù. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti ń gbà á, tí a ti ń wọ̀n ọ́n, tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, kí a tó dì í ránṣẹ́ sí ibi ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni a ti ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń fọ̀ ọ́: èyí tí ó jẹ́ ara ìgò a rì sínú omi, èyí tí ó jẹ́ ìdérí a léfòó, a ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ láti yọ́ wọn fún ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n páálí tí ọbẹ̀ ti rin, ta ni yóò rà á? Ẹ̀rọ kò lè tún ohun tí a ti bàjẹ́ nílé ìdáná ṣe. Apẹ̀rẹ̀ méjì ni ó kọ́kọ́ yẹ, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún gbígbẹ.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2012, arábìnrin Bilikiss Adebiyi-Abiola dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Wọ́n ń wọn ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan yà sọ́tọ̀, wọ́n sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí onílé lè fi gba ohun èlò. Ní Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú, ní ọdún 2019, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ń gba ìgò ike lọ́wọ́ àwọn òbí, tí ó sì ń yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn.

Ẹ̀wẹ̀, bí ohun tí a sọ nù bá jẹ́ tiwa síbẹ̀, a jẹ gbèsè fún ẹni tí ń bá wa rù ú. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri láti ṣa ike àti agolo, olè ni a ń pè wọ́n. A ń fi ajá lé wọn lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwa pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni wọ́n ń ṣe. Ó kéré jù, kí a kí wọn, kí a má sì fi àfọ́kù ìgò pamọ́ sínú ìdọ̀tí tí yóò gé wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, níwọ̀n ìgbà tí a lè yọ́ ike, kí a máa rà á bí ó ti wù wá. Bí a ti ń yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Àwọn mìíràn wà tí ó ṣòro láti rí oníbàárà fún: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí a ń bu oúnjẹ sí. Ẹrù tí ó fúyẹ́ jù ni èyí tí a kò gbé rárá.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ìlú ńlá, ẹni tí ó da ìdọ̀tí síwájú kọ́ ni ó sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ni. Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti bi ara wọn léèrè, kí wọ́n tó la ọwọ́ sílẹ̀: ilé ta ni èyí ń lọ? A ti san owó gàrí opó náà fún un. Ìgò ike náà wà lórí tábìlì wa síbẹ̀, nítorí a kò tí ì fẹ́ gbàgbé ẹni tí ó ni ín.