Iná Tọ́ọ̀ṣì Nínú Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilẹ̀ ṣú bá àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Nàìjíríà lẹ́nu ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àṣejáde girama. Iná tọ́ọ̀ṣì àti ti fóònù ni wọ́n fi ń wo ìbéèrè. Àjọ náà tọrọ àforíjì; wọ́n ní nítorí kí ìbéèrè má baà jò síta ni ìdánwò náà fi pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Sùúrù ni baba ìwà, gbogbo òbí ló ń sọ ọ́. Ó sì wúlò lóòótọ́: ọmọ tó bá mí kanlẹ̀, tó kọ́kọ́ dáhùn èyí tó mọ̀, yóò rí nǹkan dì mú láàárín ariwo.

Ṣùgbọ́n ta ló jẹ ta ní sùúrù?

Àwọn kan á ní orí ọmọ ló gbé e dé gbọ̀ngàn tí kò ní iná. Rárá o. Àgbà ló ṣètò gbọ̀ngàn, kì í ṣe orí. Lóṣù yẹn kan náà, ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó gbà pé àṣìṣe wáyé nínú ìdánwò tiwọn. Ẹkún náà ṣe pàtàkì, nítorí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ọmọ. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì.