Ariwo Irin àti Ìwà Ẹni Tó Ṣe É

Ìwà ni ohun tí ènìyàn ń ṣe lemọ́lemọ́ títí tí wọ́n fi wá mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ọmọlúàbí sì ni ẹni tí ìwà rẹ̀ kì í yí padà, ojú ń wò ó o, ojú kò wò ó o. Ohun tó ṣòro ni láti rí ibi tí a ti lè dán irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wò, nítorí pé níbi ìnáwó àti níwájú àgbà, kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe. Abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ wà lára ibi tí ìdánwò náà ti ń wáyé, pàápàá bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀yà rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni Ford Mustang. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni wọ́n fi í han aráyé níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York, wọ́n sì tà ju 400,000 lọ láàárín ọdún kan. Títí di òní, àwọn ará Amẹ́ríkà kan ṣì ń tún un ṣe nínú gáréèjì ilé wọn. Ní ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí, ọ̀pá irin kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Bóòtì méjì ló de ìdí ọ̀pá náà mọ́ apá ìsàlẹ̀ tó gbé táyà dúró. Orí rẹ̀ nà síwájú, ó sì gba ihò kan lára férémù kọjá láàárín rọ́bà méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí táyà má sún sẹ́yìn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ti ọdún 1965 àti 1966 kò ṣeé fà gùn, kò sì ṣeé dín kù. Bí rọ́bà rẹ̀ bá sì gbó, táyà á máa sún, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gé orí ọ̀pá náà kúrò, tí wọ́n ń jó páìpù onítíréèdì mọ́ ìyókù, tí wọ́n sì ń yí orí tuntun wọ̀ ọ́: òrùka irin tí bọ́ọ̀lù kékeré ń yí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yí orí yìí wọlé, ọ̀pá á kúrú, apá ìsàlẹ̀ á sún síwájú, sítíárìn á sì túbọ̀ máa padà sí àárín fúnra rẹ̀. Èrè rẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Ariwo náà kì í pẹ́ dé.

Rọ́bà a máa pa nǹkan mọ́ra. Kòtò àti òkúta ojú títì, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kú sí kí awakọ̀ tó mọ̀. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀; ohun tí táyà bá rí ló ń sọ. Ó rọrùn láti sọ pé irin ló ní òtítọ́, ẹ̀tàn sì ni ti rọ́bà, ṣùgbọ́n n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ford gan-an sọ ọ̀pá yìí di èyí tó ṣeé yí gùn tàbí yí kúrú lọ́dún 1967, rọ́bà ṣì wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òtítọ́ ni kí ohun tí a sọ tàbí tí a ṣe bá ohun tó wà mu. Kì í ṣe kí gbogbo ohun tó wà di ariwo sí ẹlòmíràn létí. Ẹni tó ń ka gbogbo àbùkù aládùúgbò rẹ̀ síta, tó ní òtítọ́ lòun ń sọ, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ẹni tó sì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, kì í ṣe sùúrù ló ní. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọ̀rọ̀ òye ló wá kàn: ariwo wo ni? Ìró tí ojú títì ń rán gba inú irin wá kì í ṣe àrùn. Ohun tí a fi ra ọ̀pá tí kò mì ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dún kọ̀! lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a tẹ bíréèkì, tó tún dún kọ̀! nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìn rìn, àlàfo wà níbì kan. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì tó yẹ kó há orí ọ̀pá mọ́lẹ̀ ló tú. Ó lè jẹ́ ihò ló fẹ̀ ju bóòtì lọ, bóyá nítorí pé ẹni tó lu ú kò ní irin ìlu tó ṣe rẹ́gí, kò sì lè dúró di ọjọ́ kejì. Ó sì lè jẹ́ òrùka ló yí dé òpin ibi tó lè yí dé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń kan irin tó gbé e. Irin a máa gbé ìró rìn. Ariwo ọwọ́ ọ̀tún lè dún bí ẹni pé abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló wà. Nítorí náà ẹnì kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á máa ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, ẹnì kẹta á gbọ́wọ́ lé oríkèé tí bọ́ọ̀lù àti òrùka wà, torí pé ọwọ́ máa ń mọ ibi tí àlàfo wà ju etí lọ.

Ìfarabalẹ̀ ni kí a dúró ti ọ̀ràn títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. Ìbòmọ́lẹ̀ ni kí a mú àmì rẹ̀ kúrò, kí ìdí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Gíríìsì sì ni wọ́n sábà ń lò fún ìbòmọ́lẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá ki í sínú oríkèé náà á gbádùn ìdákẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkèé tó dára ní aṣọ Teflon fẹ́lẹ́ láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka. Aṣọ yìí ló ń gba ariwo láìfi àlàfo sílẹ̀, kò sì fẹ́ gíríìsì. Gíríìsì á fa iyanrìn mọ́ra, iyanrìn á jẹ aṣọ náà, àlàfo tí kò sí tẹ́lẹ̀ á wá wà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi rọ́bà bò ó lóde kí ìdọ̀tí má wọlé, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti jẹ, kí ihò bá bóòtì mu, kí nọ́ọ̀tì há dáadáa. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi yangàn.

Ẹni tó ni ọkọ̀ lè ní ẹ̀mí òun nìkan lòun fi ń ta tẹ́tẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pá yìí bá já níbi tí wọ́n ti tẹ bíréèkì, táyà á sún sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì yà bàrá sọ́dọ̀ ẹni tó bá wà nítòsí. Torí èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń fi wáṣà tó fẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀gbẹ́ òrùka: bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ já kúrò, òrùka kò ní lè bọ́ lórí bóòtì. Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ni kí ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun lè kùnà, kó sì ti múra dè é.

Àṣà wọn kan tún wà tí mo kà sí ju wáṣà náà lọ. Tíréèdì orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ wọ inú páìpù jìnnà, ó kéré tán ìlọ́po kan àbọ̀ fífẹ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè fà yọ. Ojú kò lè rí èyí láti ìta. Nítorí náà wọ́n ń lu ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ páìpù, níbi tí tíréèdì gbọ́dọ̀ dé. Bí wọ́n bá ti wáyà tín-ínrín bọ̀ ọ́, tó kan irin, ó jìn tó. Bó bá wọlé láìkan nǹkan kan, kò jìn tó. Ihò náà kò fi agbára kún ọ̀pá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó lu ú, nítorí pé òun mọ bí òun ṣe yí i tó. Ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí mẹ́káníìkì tí kò bá a pàdé rí, ló lu ú fún, kí ó lè yẹ iṣẹ́ náà wò láìṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́.