Ta Ló Ni Àwòrán Tí Iná Yà?

Bébà rìsíìtì tí ẹ̀rọ POS ń tì jáde lọ́jà Ọ̀wọ̀ àti ní Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, kò lo yíǹkì rárá. Ooru ni ó ń kọ̀wé sí i lára, nítorí pé wọ́n ti fi èròjà aláwọ̀ tí kò tíì hàn, àti èyí tí yóò mú un hàn, pa á lójú, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣiṣẹ́ pọ̀ àfi bí ooru bá yọ́ wọn. Láti inú ilé-iṣẹ́ Polaroid ní Amẹ́ríkà ni bébà Zink ti jáde lẹ́yìn náà, èyí tí ó ní ìpele àwọ̀ mẹ́ta, tí ooru tirẹ̀ sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orí irú ìpele bẹ́ẹ̀ ni ìjà páténtì ti ń wáyé, páténtì sì ni ìwé tí ìjọba fi ń fún ahùmọ̀ lágbára láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún ìgbà kan. Polaroid pe ilé-iṣẹ́ Kodak lẹ́jọ́ ní 1976 lórí fíìmù onípele (oògùn ni tiyẹn ń lò, kì í ṣe ooru), Kodak sì san $925 mílíọ̀nù ní 1991. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn lè pè ní tirẹ̀ níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá ooru, ìwà tí èròjà ń hù nígbà tí ooru bá kàn án sì ti wà kí a tó bí olùwádìí. Ètò nìkan ló kù, ìyẹn èyí tí yóò wà lókè, èyí tí yóò wà nísàlẹ̀, àti ohun tí yóò là wọ́n láàárín.

Òfin páténtì Nàìjíríà ti 1970 gbà bẹ́ẹ̀, ó ní àwárí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ìhùmọ̀. Ó tún fi ẹ̀tọ́ náà fún ẹni tó kọ́kọ́ fìwé sílẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló hùmọ̀ lóòótọ́ tàbí òun kọ́, àfi bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n ẹlòmíràn ni ó gbà láìgbàṣẹ. Ahùmọ̀ gan-an sì ní ẹ̀tọ́ kí a dárúkọ òun. Owó lè jẹ́ ti ẹni tó yára, fún 20 ọdún, kí orúkọ jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run inú Ifá, gba ibòmíràn yọ. Òun ló ń mọ orí tó sì ń sun ún, síbẹ̀ ẹni tó yan orí ló ni ín. Yíyàn náà kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí Afùwàpẹ́, ọ̀kan lára àwọn tó lọ yan orí lọ́dọ̀ rẹ̀, san gbèsè Àjàlá kí ó tó bá a yan èyí tó jiná, nígbà tí òjò ń wọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ̀tọ́ tó ti inú ríru ẹrù oníṣẹ́-ọwọ́ wá báyìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti ẹni tó kàn ṣáájú dé ọ́fíìsì lọ.

Ní Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Lájà láàárín 1969 sí 1971, tí wọ́n ti tó nǹkan bí 600 ọdún, jẹ́ àwòrán tí iná mú dúró, nígbà tí ọ̀rọ̀ orí rìsíìtì lè ṣá láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn onímọ̀ ń rí ọwọ́ Ifẹ̀ àti ti Ìbíní lára wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fún ẹni tó mọ wọ́n ní ẹ̀tọ́ orúkọ tí òfin náà ń sọ, kò sí orúkọ tí a óò kọ sílẹ̀ ju ti ìlú lọ.