Aṣọ Iṣẹ́ Àkọ́kọ́: Ta Ni À Ń Wọ̀ Ọ́ Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún wí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí ènìyàn bá gbọ́ òwe méjèèjì yìí lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fẹ́ béèrè pé èwo ni kí òun dì mú. Ṣé kí á máa fi aṣọ wá iyì ni, tàbí kí á ti aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí á gbájú mọ́ ìwà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé pé kí ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí kò sì ní ju ṣòkòtò kan ṣoṣo tí ó ṣeé wọ̀ jáde. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó sọ ọ́ di ìṣòro. Ní ilé ìfowópamọ́, ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò àti ti àwọn aṣírò-owó, ẹ̀wù alápá gígùn, ṣòkòtò tí a lọ̀ dáadáa, táì àti bàtà dúdú ni wọ́n máa ń retí lára ọkùnrin láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n owó oṣù kì í dé ní ọjọ́ kìíní. Ìparí oṣù ni ó ń dé. Aṣọ ni ó ń ṣíwájú, owó ni ó ń tẹ̀lé e. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà dé 70,000 náírà. Ẹni tí owó tirẹ̀ kò bá jìnnà sí iye yìí, tí yóò san owó ilé, tí yóò wọ ọkọ̀ lọ tí yóò wọ ọkọ̀ bọ̀, tí yóò jẹun, tí yóò sì fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, níbo ni yóò ti rí owó kóòtù?

Àwọn kan yóò dáhùn pé asán ni gbogbo rẹ̀. Wọn á ní táì kì í ṣe ti baba wa, wọn á ní oòrùn ilẹ̀ wa kò bá kóòtù rẹ́. Wọn kò parọ́. Ní ọdún 1894, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Èkó tí ń jẹ́ David Brown Vincent pa orúkọ náà tì, ó di Mojọlá Agbébí, ó sì kọ aṣọ Òyìnbó sílẹ̀ fún aṣọ ilẹ̀ wa. Tai Ṣólàrín, ẹni tí ó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, tí ó sì di olóògbé ní ọdún 1994, ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò sọ pé àwọn méjèèjì yìí kò níyì?

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á má gbàgbé ohun kan. Agbébí ń fi aṣọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni; ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn béèrè ìdí, èsì sì wà ní ẹnu rẹ̀. Ṣólàrín ni ó dá ilé-ìwé tí ó ń darí sílẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí yóò dá a padà ní ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ayé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ń wí yìí kò tíì ṣe ohunkóhun tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Àlejò ni, ìkíni ni àlejò sì fi ń wọlé. Bí ó bá wọ ẹ̀wù tí a kò lọ̀ dé ọ́fíìsì, tí bọ́tìnnì méjì ti já lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọlọ́gbọ́n tí kò ka aṣọ sí. Ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é.

Ẹ fi ojú inú wo ìyá arúgbó kan tí ó ta ẹ̀gúsí láti ọjà dé ọjà, tí ó di owó náà mọ́ ìdí ìró, tí ó sì gbé e lọ sí ilé ìfowópamọ́. Kò mọ̀wé kà. Kò mọ ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn káńtà. Kí ó tó tú owó náà sílẹ̀, yóò wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá rí ẹ̀wù tí ó mọ́ tónítóní ní ọrùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀. Yóò ní ẹni tí ó tọ́jú ara rẹ̀ báyìí lè bá òun tọ́jú owó òun. Aṣọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ náà nìkan mọ́. Ó ti di ara ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ìyá náà. A kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kí àwọn ènìyàn lè máa yin ẹ̀yìn wa. Nítorí àgbà ni a ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aṣọ iṣẹ́ rí lójú tèmi: nítorí ẹni tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ni a ṣe ń wọ̀ ọ́.

Bí a bá gba èyí, iye owó aṣọ bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ìyá ẹlẹ́gúsí kò ní yẹ inú ọrùn ẹ̀wù wò láti mọ ilé iṣẹ́ tí ó rán an. Mímọ́ ni ó rí, ìtọ́jú ni ó rí. Ẹni tí ó bá wá lọ ra aṣọ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ kò lè sọ pé nítorí ìyá náà ni. Nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ibí yìí ni àṣìṣe kejì wà, òun ni ó sì léwu jù. Ní àtijọ́, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a máa tà á ní àwìn, wọn a sì máa padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Bí ajigbèsè kò bá san án, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ní òṣó ni àwọn yóò máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Òṣómàáló ti òde òní kì í lóṣòó. Inú fóònù ni ó wà. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti yáni lówó, èlé rẹ̀ sì wúwo. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, àwọn kan nínú wọn a máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ajigbèsè pé olè ni: ọ̀gá rẹ̀ yóò gbọ́, àna rẹ̀ yóò gbọ́, àlùfáà rẹ̀ pàápàá yóò gbọ́. Ìtìjú tí ó sá fún tí ó fi yá owó ra aṣọ, òun gan-an ni ó fi owó rà.

Ṣùgbọ́n ìtìjú nìkan kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Aṣọ tí ó ju agbára ẹni lọ a máa purọ́ fún àwọn ènìyàn lójoojúmọ́, irọ́ kan kì í sì í dá wà. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá rí kóòtù olówó ńlá, wọn yóò ka ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kún ọlọ́rọ̀. Wọn yóò pè é sí àríyá, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé aṣọ ẹbí, wọn yóò sì máa retí pé kí ó ná owó bí wọ́n ti ń ná an. Kò ní lè sọ pé òun kò ní. Aṣọ rẹ̀ ti sọ pé òun ní. Níbo ni yóò ti rí i? Owó ọ́fíìsì wà nítòsí rẹ̀, owó ìyá ẹlẹ́gúsí sì wà nínú rẹ̀. Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ra aṣọ ní àwìn ni yóò jalè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ti fi ara rẹ̀ sí ibi tí òtítọ́ ti wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Abájọ tí àwọn àgbà fi wí pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Kí ni ó wá tó? Ohun mẹ́ta ni: kí aṣọ mọ́, kí ó bá ara mu, kí ó sì bá ibi iṣẹ́ mu. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó ná kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ̀, tàbí kí ó béèrè. Ṣòkòtò méjì, dúdú kan àti aláwọ̀ eérú kan, ẹ̀wù mẹ́rin tí àwọ̀ wọn kò pariwo, táì kan, bàtà dúdú kan àti ìgbànú tí ó bá a mu: èyí tó o. Ṣòkòtò méjì àti ẹ̀wù mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́jọ ni a lè gbà pa wọ́n pọ̀. Bí ó bá ń fọ̀ wọ́n ní alẹ́ Ọjọ́rú àti ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó sì ń lọ̀ wọ́n kí iná mànàmáná tó lọ, kò ní sí ọjọ́ tí ojú yóò tì í. Bí owó bá kù díẹ̀ tí ó fẹ́ fi kún nǹkan kan, bàtà ni kí ó fi kún, nítorí ẹni tí ó ra bàtà yẹpẹrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ti ná owó bàtà gidi láìní i. Kóòtù lè dúró títí owó oṣù yóò fi dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Òkìríkà ńkọ́? Orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Rivers ni a fi ń pe aṣọ àlòkù yìí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó sì ti bò láṣìírí. Ẹni tí yóò rà á, kí ó wo abíyá àti ọrùn rẹ̀, kí ó nà án sí ìmọ́lẹ̀ bóyá ó ti lu, kí ó fa ojú rírán rẹ̀ wò. Bí ó bá sì délé, kí ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó sá a sí oòrùn, kí ó lọ̀ ọ́ kí ó tó kàn án lára. Kò sí ìtìjú nínú aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ níbí. Òfin Nàìjíríà kò fi àyè gba kíkó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọlé láti òkè òkun, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti Kútọnu gba ẹnubodè wọlé ní bòókẹ́lẹ́. Èmi kò ní dá tálákà tí ó rà á ní ọjà gbangba lẹ́bi. Síbẹ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, ilé aránṣọ àdúgbò ni kí ó kọ́kọ́ yà sí. Kí ó ra aṣọ ní ọ̀pá ní ọjà, bí irú Gbági ní Ìbàdàn tàbí Balógun ní Èkó, kí ó fún un ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Owó rẹ̀ yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ń fi í bọ́ ọmọ ní ìtòsí, aṣọ náà yóò sì bá a mu.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń wọ aṣọ nìkan ni ó yẹ kí á bá wí. Bí a bá wo òwe méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọn kò ta kora. Òwe àkọ́kọ́ ń bá ẹni tí ń wọ aṣọ wí, pé kí ó má fi ìdọ̀tí rí àwọn ènìyàn fín. Òwe kejì ń bá ẹni tí ń wo aṣọ wí, pé kí ó má fi ẹ̀wù wọn ènìyàn. Ọ̀gá tí ó ń béèrè kóòtù lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì gba owó oṣù kan, ẹ̀bi gbèsè ọmọ náà kàn án. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ kedere, kí ó sì yá òṣìṣẹ́ tuntun ní díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ láìsí èlé bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi ẹni tí ó ní ṣòkòtò méjì rẹ́rìn-ín. Bàbá tí táì rẹ̀ ń gba eruku nínú àpótí, kí ó fún ọmọ. Ẹ̀bùn tí a gbà ní gbangba kì í ṣe irọ́.

Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ náà kò yọ sílẹ̀. Bí a bá jáde lọ fi iṣẹ́ dánra wò ní ilé-ìwé, a ó dúró níwájú àwọn ọmọ tí aṣọ ilé-ìwé wọn ti ṣá, tí òmíràn ti ya ní èjìká. Ojú wọn kì í kúrò lára wa. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí i pé ẹ̀wù kan náà ni olùkọ́ wọ̀ ní ọjọ́ Ajé àti ní Ọjọ́bọ̀, tí ó sì mọ́ ní ọjọ́ méjèèjì, ó ti kọ́ ohun kan tí a kò kọ sí ojú pátákó: pé tálákà kò ní láti dọ̀tí, kò sì ní láti purọ́.