Èsúrú Oko, Èsúrú Igbó

Ìyá kan wá bá mi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó ní àǹtí kan láti Èkó fẹ́ mú ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún 16, lọ sí Lẹ́bánónì, kó lọ máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n bá òun bi Ifá bóyá ọ̀nà là. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, odù Ìká Òfún ló yọjú.

Gbogbo wa la mọ ìtàn inú odù yìí, ti àwọn àgbà tó ń lọ sí Ifẹ̀ lọ tọrọ ẹ̀mí gígùn. Wọ́n fún wọn ní òfin mẹ́rìndínlógún, wọn ò pa á mọ́, nígbà tí ikú dé, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Òfin èsúrú ló ṣíwájú níbẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ fi orúkọ èsúrú kan pe èkejì. Ọ̀pọ̀ babaláwo ní ìlẹ̀kẹ̀ ni èsúrú kejì, pé irọ́ orí àtẹ ni Ifá ń bá wí.

Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbin iṣu rí nílẹ̀ wa mọ̀ pé èsúrú méjì ló wà. Ewé wọn yọ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀gún wà lára okùn wọn. Ti oko, ọmọdé ń jẹ ẹ́. Ti igbó, ìyàn ló ń múni jẹ ẹ́, àfi kí wọ́n bẹ ẹ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sè é. Ẹni tó bá kánjú á rí i. Fún mi o, ẹni tó ń fi orúkọ oúnjẹ pe májèlé ni Ifá ń bá wí.

Òun náà ni olówò ènìyàn. Kò ní wọ abúlé kó ní òun wá ra èèyàn. Iṣẹ́ ló máa pe òwò rẹ̀, tàbí ilé-ìwé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ní Lẹ́bánónì yìí kan náà, ọkùnrin kan gbé obìnrin Nàìjíríà kan tà lórí Facebook, ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Wọ́n mú un. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ló pe obìnrin náà nínú ìkéde rẹ̀.

Àwọn kan á ní àwa oníṣẹ̀ṣe la ń mú àwọn ọmọ búra kí àwọn olówò tó kó wọn lọ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá tún dán an wò. Ẹni tó ń mú ọmọ búra fún olówò, ẹ má pè é ní babaláwo mọ́. Èsúrú igbó ni. Àwọn mìíràn á ní ṣebí àwọn baba wa náà ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú: onígbọ̀wọ́ wà, ẹni tó bá san gbèsè á sì máa lọ ilé rẹ̀. Ta ni onígbọ̀wọ́ àǹtí yìí?

Ìjọba dá NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, sílẹ̀ ní 2003, wọ́n tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2015. Ó dáa. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń jáde ní gáréèjì láàárọ̀ kì í dúró de NAPTIP. Agboolé ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kó dúró níwájú baálé, kó dárúkọ àdúgbò, ilé àti ẹni tí ọmọ fẹ́ lọ bá. Kí awakọ̀ náà má gbé ọmọ tí baálé ò mọ̀ sí ìrìnàjò rẹ̀.

Mo ní kí ìyá yẹn pe àǹtí níṣojú mi. Mo béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni. Mo béèrè ìlú, ó ní, “Lẹ́bánónì náà ni, bàbá.” Mo béèrè orúkọ ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù, fóònù já.

Ìyá náà tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Ó wá ní kí n tún Ifá dá. Mo ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ sínú àpò.