Ìpamọ́ Yàtọ̀ sí Ìpatì

Bí ènìyàn bá ń rìn kiri láàrin àwọn ilé Ìgàndó, ní Alímọ̀ṣọ́, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ọkọ̀ àtijọ́ kan lẹ́yìn ọgbà: Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tàbí Peugeot 504. Táyà rẹ̀ ti jo, koríko ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, adìẹ sì ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Bí a bá béèrè ìdí tí wọn kò fi tà á, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, 'Ọkọ̀ Bàbá ni.' Ẹ jẹ́ kí a yẹ èsì yìí wò. Ǹjẹ́ ẹni tí ó fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa jẹrà ń bọ̀wọ̀ fún bàbá náà?

Ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró fún kò kéré. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Ìgàndó. Ọdún náà gan-an ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Olùkọ́ tàbí akọ̀wé tí ó bá ra ọ̀kan nígbà náà ti di ẹni tí ẹbí fi ń yangàn. Ọkọ̀ yìí ni ó gbé ìyàwó wálé, òun ni ó gbé aboyún lọ sí ọsibítù, òun náà ni ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Àwọn mẹkáníìkì á ní kò sí ọkọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe bí owó bá wà. Omi òjò tí ó wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ó ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ láti inú. Pístìn á lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, eku á sì gé wáyà. A lè gé irin tí ó ti dógùn-ún kúrò, kí a jó tuntun mọ́ ọn. A lè fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rọ́pò èyí tí ó ti kú. Àmọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣé ọkọ̀ Bàbá náà ṣì ni?

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ti bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, tí wọ́n ń pààrọ̀ pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, ẹ̀kú egúngún ti dáhùn rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, aṣọ tuntun ni àwọn ọmọ fi ń kún ẹ̀kú bí ọdún ti ń yí lu ọdún. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń sọ pé egúngún mìíràn ni ó jáde. Egúngún kan náà ni, nítorí pé ọwọ́ ẹbí kò kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpá ni ó yẹ kí a pa rẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, inú Mercedes-Benz dúdú ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Ìkòyí. A gbé ọkọ̀ náà sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, tòun ti ihò ọta. Ẹni tí ó bá dí ihò wọ̀nyẹn, tí ó kùn ún kí ó máa dán, ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá jẹ́ kí ìpáàrà jẹ ẹ́ tán, ẹlẹ́rìí kan náà ni a pa. Kò fẹ́ àtúnṣe, àmọ́ ó fẹ́ ìtọ́jú.

Nítorí náà, kí a tó bi mẹkáníìkì bóyá ọkọ̀ ṣeé tún ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ohun tí a fẹ́ kí ó máa sọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ kí ó máa rìn, kí a tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí ni a fẹ́ kí ó jẹ́, kí a gbé e síbi tí òjò kò ti ní pa á. Ẹni tí kò lágbára èyíkéyìí lè tà á fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìmoore. Àìmoore ni kí a kọ̀, kí a má tà á, kí a má tún un ṣe, kí a sì máa fi orúkọ òkú bo ìmẹ́lẹ́ wa mọ́lẹ̀. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrá, ayé á bá a fi kólẹ̀.